A Ò Ta Ọ̀nà Omi

Ìró ṣọ́bìrì ló jí mi. Kì í ṣe ìró ìgbálẹ̀ tí gbogbo ilé máa ń mú jáde ní Sátidé ìmọ́tótó. Irin ló ń ha kankéré, tí òórùn ẹrẹ̀ dúdú sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo yọjú. Ìyá àgbà tí ilé wọn wà láàárín òpópónà wa ni mo rí. Wọ́n ká ìró dé orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ gọ́tà. Iwájú ilé tiwa ni wọ́n sì wà, kì í ṣe iwájú ilé tiwọn.

Ìkòsì ni wọ́n bí ìyá náà sí. Ilẹ̀ bàbá wọn ni ìdílé wọn gé tà fún àwa tí a wá kọ́lé sí ẹ̀sítéètì tuntun náà. Ilé mẹ́sàn-án ló tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, tiwa ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Onílé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ bó ti wù ú: ti ẹnìkan jìn bíi kòtò, ti ẹlòmíràn kò jìn ju abọ́ ìfọwọ́ lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, inú pálọ̀ wa ni omi ń gúnlẹ̀ sí. Bàbá mi ti búra pé bí ó bá tún wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, a ó kó lọ. Ìyá mi ti di aṣọ wa sínú báàgì ńlá méjì. Èmi kò fẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́ láyé mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn onílé ṣe ìpàdé lẹ́bàá géètì. Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ gọ́tà. Ọ̀gá báńkì tí ń gbé ilé àkọ́kọ́ lókè dáhùn:

"Mummy, ẹ wá wo tèmi. Ẹ lè jẹ iyán nínú ẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin ẹ da omi síwájú, ará ìsàlẹ̀ ló ń tẹ ẹrọ̀fọ̀. Ilẹ̀ la tà fún yín, a ò ta ọ̀nà omi."

Ìyá àgbà wá dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó gọ́tà ara rẹ̀ mọ́. Ti ẹni tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ ni kó máa kó. Bàbá mi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni yóò gòkè lọ kó ti ọ̀gá báńkì.

Bàbá mi fò dìde. "Èmi kẹ̀? Kí n lọ kó ìdọ̀tí ẹni tí ń da omi sí mi ní pálọ̀?"

"Ìwọ náà ni. Lọ wo ibi tí omi náà ti ń bọ̀."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi fi ìbínú lọ. Níwájú géètì ọ̀gá báńkì, wọ́n fi irin hú pẹpẹ kankéré tí mọ́tò ń gbà wọlé. Iyẹ̀pẹ̀ kún abẹ́ rẹ̀ dé ẹnu! Ibẹ̀ ni omi ti ń fò sórí títì, tí ó ń sáré bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ wa. Abájọ tí ìyókù gọ́tà náà fi mọ́: omi kì í dé ibẹ̀.

Ọ̀gá báńkì wò ó títí. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Ìyá àgbà dúró lókè orí wọn.

"Ọ̀gá báńkì, iyán dà? Ebi ń pa wá o!"

Ọ̀gá báńkì fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí ṣọ́bìrì fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ìyá mi ti ká kápẹ́ẹ̀tì. A dúró lójú fèrèsé, a gbọ́ omi bó ti ń hó bọ̀ nínú gọ́tà. Ó dé iwájú ilé wa, ó kọjá lọ. Ilẹ̀ pálọ̀ gbẹ táútáú. Bàbá mi tú báàgì méjèèjì fúnra wọn, wọ́n ń fi aṣọ wa kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń súfèé.

Ìyá náà ti re ibi àgbà ń rè. Mo ti rí ẹ̀sítéètì tí géètì rẹ̀ ga fíofío, tí òdòdó tò lọ rẹrẹ, tí ẹnìkan kò mọ ẹnìkejì níbẹ̀. Òpópónà ilé mẹ́sàn-án yẹn ni mo fi ń yangàn. Nígbà tí mo ra ilé tèmi ní Ifákọ̀, kí n tó tú ẹrù, mo da omi korobá kan sí gọ́tà, mo sì tẹ̀ lé e títí ó fi dé iwájú ilé kan. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ilé o," ni mo wí. "Ọ̀dọ̀ yín ni omi mi ń gbà kọjá. Mo ní kí n wá mọ̀ yín."