Bíréèkì Tó Rú Èéfín

Òórùn ọ̀dà tó ń jóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ní agbo ilé wa ní Ìkòròdú, gbogbo ilé ìdáná ló ń ta sánsán ẹran díndín. Tiwa nìkan ló ń rùn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò màmá mi, ó fi ẹ̀mú ti nǹkan kéékèèké méjì bọ inú ẹ̀yinná. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí màmá mi ti dáná níbẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí náà, ẹni tó bá wù ú lè fi ààrò náà se ohun tó bá wù ú.

Ọkọ̀ ẹrù ni bàbá mi ń wà jẹun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan tó rà lọ́wọ́ òyìnbó onígẹdú tó ń padà sílùú wọn. Ọkọ̀ ọ̀hún wúwo débi pé bó bá rì sínú ẹrẹ̀, ọkùnrin mẹ́fà kì í lè tì í. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, àwọn tó ní mọ́tò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ máa ń sáré ìje láti Ìgbògbò títí dé etí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dé. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní ẹ̀bùn kankan. Fáàrí lásán ni. Ibi tí ọ̀nà parí sí, omi ló kàn, nítorí náà, ká sáré nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ lè dúró.

Eré yìí ló lé màmá mi lọ. Lọ́dún tó ṣáájú, inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti lọ gbé bàbá mi, tòun ti ẹ̀jẹ̀ lójú. Màmá mi bẹ̀bẹ̀ títí, ẹnu rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ló bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Bàbá Sáfù, ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá kúrò lójúde yìí, ẹ rán èèyàn wá pè mí." Èmi ni Sáfù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, kò sì mú mi dání nítorí ilé ìwé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí agbo ilé ṣe máa ń kún nígbà náà. Àwọn ìyàwó àbúrò bàbá mi ń di irun fún mi lóòótọ́, àmọ́ èmi ni wọ́n máa ń dì kẹ́yìn, nígbà tí ọwọ́ bá ti ń ro wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí wọ́n ń pe ọmọ jẹun, oníkálukú á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá tirẹ̀. Èmi á dúró láàárín agbo ilé, màá máa ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Àárò ìyá mi sọ mí débi pé mo máa ń gbóòórùn aṣọ rẹ̀ tó ṣẹ́kù kí n tó sùn.

Ó jọ pé àárò ń sọ bàbá mi náà, torí èmi ló wá ń bi ní gbogbo nǹkan. "Ìyálé, ẹ̀wù wo ni kí n wọ̀? Ìyálé, ìkọ́kọrẹ́ la fẹ́ jẹ ni, àbí ẹ̀bà?" Ìyálé ló ń pè mí, ó ń fi mí ṣeré ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Láínìn bíréèkì ló wà nínú iná láàárọ̀ yẹn, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn sínú bíréèkì, tó ń di táyà mú bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Irú méjì ni bàbá mi rà bọ̀ láti Èkó. Ọ̀kan dà bí ẹní, wọ́n fi okùn idẹ hun ún. Ìkejì dúdú, ó le bí eèpo àgbọn. Báyìí ni àwọn awakọ̀ ìgbà náà ṣe ń dán an wò: wọ́n á gé díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kì í bọ iná. "Ọkọ̀ wa wúwo," bàbá mi sọ fún mi, "ó máa ń mú bíréèkì gbóná gan-an. Èyí tó bá kọ́kọ́ rú èéfín, kò ní lè dì í mú." Ohun tí èmi gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ẹni tó bá lo èyí tó ń rú èéfín kò ní borí.

Àlejò dé, wọ́n pe bàbá mi síta. Ó ní, "Ìyálé, bá mi máa wò ó. Èyí tó bá rú èéfín, a ò ní lò ó."

Mo lóṣòó ti iná. Kò pẹ́ tí èyí tí wọ́n hun fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú, omi ń dà lójú mi. Dúdú ọ̀hún kàn jókòó síbẹ̀ ni. Mo rò ó pé bí bàbá mi bá pàdánù, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, á bínú ta mọ́tò náà, màmá mi á sì padà wálé. Mo yọ méjèèjì, mo da omi lé wọn lórí. Bàbá mi wọlé.

"Èwo ló rú èéfín?"

"Dúdú yẹn ni."

Ó wò mí, ó wo ààrò, ó ní, "Ó dáa." Ó lọ kan èyí tí wọ́n hun mọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, a dúró létí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dé, à ń retí wọn. Bàbá mi ló wà níwájú, ọkùnrin kan tó wá láti Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ kékeré. Èyí kékeré dúró. Tiwa ò dúró. Èéfín funfun ń tú lábẹ́ rẹ̀, òórùn àárọ̀ yẹn gan-an ló bá mi nímú. Ọkọ̀ náà kọjá lára àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fà sókè, ó wọnú ọ̀sà lọ. Àwọn apẹja ló fa bàbá mi yọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́, kò sì tún nà mọ́ títí tó fi kú.

Màmá mi dé lọ́jọ́ kejì, kò dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ló ṣẹ. Níbi tí màmá mi ti ń di irun fún mi, mo gbọ́ tó bi bàbá mi pé, "Kí ló dé tí ẹ fi lo èyí tí kò dáa?"

Bàbá mi ní, "Èmi ni mo yàn án. Mo ṣì í yàn."

Kò dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Ìyálé mọ́. Sáfù ló ń pè mí, jẹ́jẹ́, bó ṣe ń pe àwọn ọmọ yòókù, kò sì bi mí ní ohunkóhun mọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ. Mo ti bi ara mi títí: awakọ̀ bíi tirẹ̀, ṣé kò dá òórùn láínìn ọ̀hún mọ̀ nígbà tó wọlé ni? Ó dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló gbà gbọ́ ju imú ara rẹ̀ lọ.

Irọ́ ò tíì fi mí sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ mi bá pè mí láti òkè òkun pé, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" mo máa ń ní mo ti jẹ, nígbà tí n kò tíì dáná. Lọ́jọ́ kejì Iléyá tó kọjá, mo lọ sójú oórì bàbá mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ilé: "Bàbá, èyí tí wọ́n hun ló rú èéfín." Mo kí i, mo fa koríko tó hù síbẹ̀ tu, mo sì padà sílé.