Ibojì Tó Kọjú sí Kíbúlà

Kí n tó la ẹnu, Mummy ti bọ́ bàtà sórí koríko tútù, wọ́n ti ń kí àwọn òkú: "Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará ibojì."

Ará ibojì wo? Etí òkè kan ní Kent, nílẹ̀ Òyìnbó, la wà, níwájú àwọn òkúta ràbàtà tí àwọn ará àtijọ́ fi kọ́ yàrá òkú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe kọ́ irú ibojì bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi yan ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí, ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Òun ló jẹ́ kí Mummy gbé ọ̀ràn ara wọn tọ̀ mí wá. Mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ ní ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí sọ ọ́ kó tó di Jímọ̀. Wọ́n sì sin Daddy sí Ìsẹ́yìn, níwájú ilé wa. Ibẹ̀ ni ikú ká wọn mọ́ nígbà tí wọ́n lọ kí ará ilé. Ṣé kí a gbé Mummy tọ Daddy lọ ni, àbí kí wọ́n sùn sí ìtòsí àwa ọmọ?

"Ìwọ lo kàwé sàárè," ni Mummy wí. "Là mí lọ́yẹ̀."

Èmi tí orí tèmi gan-an dàrú! Mo kàn mú wọn wọ tréènì ni, bóyá àwọn òkúta á bá mi sọ ọ́.

Mo nawọ́ sí àfonífojì. "Mummy, ẹ wò ó, wọn ò gbé ibojì yìí sí orí òkè gan-an. Etí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ni, kí àwọn tó ń dáko nísàlẹ̀ lè máa rí i. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wá face ibi tí oòrùn ti ń yọ ní winter."

Mummy yọ fóònù, wọ́n ṣí app tí wọ́n fi ń wá kíbúlà, ibi tí à ń kọjú sí tí a bá ń kírun, tí a sì ń kọjú òkú wa sí, wọ́n gbé e lé òkúta.

"Kíbúlà ni! Mùsùlùmí ni wọ́n!"

"Mummy, wọn ò tíì bí Ànábì nígbà yẹn now."

"Ànábì Ádámọ̀ ńkọ́? Ọlọ́run ò tíì dá wọn ni?"

Mo ti kọ ewé rẹpẹtẹ lórí ibi tí ibojì ń kọjú sí, kò sí olùkọ́ tó bi mí ní irú èyí rí. Oòrùn ni àwọn tó kọ́ ọ ń wò, mo mọ̀. Ó ṣe wá jẹ́ pé apá ibẹ̀ náà ni Mẹ́kà wà? Inú bí mi, nítorí èmi ni mo yẹ kí n máa ṣàlàyé.

Mummy bèèrè bóyá ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sin síbẹ̀. Mo ní rárá, egungun àgbà àti ọmọdé ni, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Mummy ń wo rìbọ́n tí àwọn èèyàn so mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. "Ọmọ wọn ló so ó?"

"Rárá o. Visitors ni."

"Àwọn ọmọ wọn wá dà?"

"Nobody knows, Mummy."

Wọ́n jókòó, wọ́n rọra wọ bàtà wọn padà. "Daddy ẹ ní sàárè ìyá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ibi tí ìwọ bá máa wà ni kí ẹ sin mí sí. Níbo lo máa wà?"

Peckham ni wọ́n bí mi sí. Tí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti wá, Ìsẹ́yìn ni mo máa ń wí. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Mummy tẹjú mọ́ ẹnu mi. Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀, Mummy. Ẹ fún mi di Jímọ̀."