Kobina, Ẹni Tí Wọ́n Ní Òkun Ń Pè

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí Kobina ní Moree, ìlú àwọn apẹja létí òkun. Ọjọ́ òkun. Ọkọ̀ kankan kì í wọ omi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òkun ń sinmi, àwọn ọkùnrin á jókòó sétí omi, wọn á máa tún àwọ̀n wọn ṣe, wọn á máa bú ara wọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní òkun mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwàdà lásán ni.

Ekua, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ẹja ló ń yan, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Síbẹ̀ ojú pupa yẹn ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe Kobina.

Kì í ṣe ariwo ló kọ́kọ́ dé. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Kobina, tí kì í lè jókòó kó má fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ògiri. Kò wẹ̀. Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn rẹ̀, òṣù wọlé, òṣù jáde. Wọ́n túfọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó ní rédíò oní-tíì iwájú ilé ń dárúkọ òun. Ó ní ohun tí òun bá rò nínú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wúkọ́ bí òun bá ń kọjá. Ekua gbé kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan, pẹ̀lú ẹja àti ata síwájú rẹ̀. Kobina gbóòórùn rẹ̀. Ó tì í sẹ́yìn.

"Ta ló fọwọ́ kan ata yìí?"

"Èmi ni. Ta ni ì bá tún fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́, Sista Ekua. Ẹ jẹ́ kí n wò yín."

Ekua jẹ ẹ́. Kobina ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó sì tún febi sùn.

Ká ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ẹtì lọ̀rọ̀ náà bẹ́ síta, aláàrùn ọpọlọ ni Moree ì bá pè é, bóyá wọn ì bá sì ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rìn wọ omi taṣọtaṣọ, tí omi mù ún dé ìbàdí, tó dúró síbẹ̀ tó ń bá ẹni tí ojú kò rí sọ̀rọ̀. Ó ń béèrè, ó ń dúró gbọ́ èsì, ó ń mi orí. Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọn ò rí aláìsàn. Ẹni tí òkun ń pè ni wọ́n rí.

Wọfá Ansa, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, ló ni ọkọ̀ tí Kobina ń bá jáde. Ọmọ arábìnrin ẹni ló ń jogún ẹni lọ́dọ̀ wa, nítorí náà Kobina ni ọkọ̀ náà ń dúró dè. Wọfá fà á jáde nínú omi jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n mú un lọ sílé òrìṣà etíkun. Wọ́n fi ẹfun kùn ún lára. Wọ́n da ọtí jìnnì sílẹ̀, wọ́n bi í pé níbo ni ẹja wà. Kobina na ọwọ́ sí ìlà-oòrùn. Bóyá ẹyẹ ló ń tọ́ka sí. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹja ṣawá fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wọ́n lọ́kọ̀.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹnu Òkun di orúkọ rẹ̀. Àgbààgbà ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé tọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ohùn tó ń gbọ́ tù ú lára, àfi Ekua. Kobina ní èébú ni àwọn ohùn náà ń bú òun lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní wọ́n ní kí òun wá sùn sísàlẹ̀ omi.

Ekua ò dúró gbọ́ èkejì. Ó parọ́ pé àwọn ń lọ kí ẹbí ní Oguaa, ìlú ńlá ìtòsí, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Amissah ló jókòó tì wọ́n. Ó ní skisofréníà ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń dá ohùn sílẹ̀, ẹni tó ń ṣe sì ń gbọ́ ọ ketekete bí ohùn ènìyàn. Kí Ekua má bá a jiyàn pé kò gbọ́ nǹkan. Àìwẹ̀, àìsọ̀rọ̀, kí nǹkan má ká èèyàn lára, ìyẹn kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ara àìsàn náà ni. Abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ó ṣeé ṣe kó má lọ tán, àmọ́ á rọlẹ̀.

Ó rọlẹ̀. Kobina wẹ̀. Ó jẹun láì gbóòórùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní ata Ekua ò níyọ̀, Ekua wọ yàrá lọ, ó sunkún ayọ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń mú ọwọ́ Kobina gbọ̀n díẹ̀, ó sanra, ó ń rìn bí ẹni ru omi. Ṣùgbọ́n ó ti padà dé.

Ibo ló padà dé sí? Ó lọ sétí omi láti bá wọn fa àwọ̀n. Àwọn ọmọ ọkọ̀ yà fún un bí ẹni yà fún òkú.

"Ẹnu Òkun, kí lo gbọ́ lónìí?" Fiifi ló bi í, ọmọ tí arábìnrin mìíràn bí fún Wọfá.

"N ò gbọ́ nǹkan kan. Ara mi ti yá."

"Ẹnu kan ti wà lójú tèmi tí mo fi ń jẹ fùfú. N ò nílò òmíràn tí kò sọ̀rọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí òkun pè tó lọ gba abẹ́rẹ́ dí etí, òkun á gbẹ̀san lára ọkọ̀ tó bá gbé e. Wọfá Ansa fa ọkọ̀ lé Fiifi lọ́wọ́. Ẹnu oní-tíì ni Kobina ti gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹja wọ́n. Àwọn ọkọ̀ ńlá ilẹ̀ òkèèrè ti gbá inú omi mọ́. Wọfá dé sílé Ekua pẹ̀lú ìgò ọtí kan. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kí ọmọ náà sinmi abẹ́rẹ́ díẹ̀, títí àkókò ẹja á fi kọjá.

"Wọfá, orí ọmọ arábìnrin yín lẹ fẹ́ fi ṣe ìjẹ ẹja."

"Ṣawá ọjọ́sí ńkọ́? Ta ló yan án?"

Ekua ló yan án, ó sì jẹ nínú èrè rẹ̀. Ó yíjú sí Kobina kó lè fẹnu ara rẹ̀ kọ̀.

"Sista Ekua," ni Kobina wí, "nígbà tí orí mi dàrú, wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. Orí náà ti wá pé báyìí, mo kí oní-tíì, kò dá mi lóhùn."

"Wọ́n á pa ọ́."

"Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ yìí ńkọ́, kí là ń pè é?"

Ó dìde, ó tẹ̀ lé Wọfá.

Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé, Nọ́ọ̀sì Amissah gbé àpò rẹ̀ wá sí Moree, ó bá Ekua nìkan nílé. Ekua mú un lọ sílé òrìṣà. Kobina wà lórí àpótí, ẹfun lára, ó ti rù, ètè rẹ̀ ń mì. Olówó ọkọ̀ méjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ekua pè é. Kobina wò ó bí ẹni ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n rí. Wọfá dínà.

"Ó ti sọ ibi tí wọ́n máa lọ," ni ó wí. "Ọkọ̀ ti jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná."

Ekua wo ẹ̀yìn Wọfá. Nídìí òpó, ẹ̀wọ̀n kan wà nílẹ̀. Tuntun ni. Wọn ò tíì lò ó.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹni tó bá fi òkun purọ́ la máa ń dè," ni Wọfá wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Àwọn obìnrin méjèèjì lọ jókòó sí etí omi. Bí ọkọ̀ bá kún bọ̀, Kobina ò ní jáde kúrò nínú ilé yẹn mọ́. Bó bá ṣófo, wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ òpó. Láti kékeré ni Ekua ti máa ń gbàdúrà fún ọkọ̀ tó bá jáde; iṣẹ́ rẹ̀ ni, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ yọ lókèèrè. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja yòókù gbé abọ́ wọn, wọ́n ń sáré lọ. Ekua la ẹnu láti gbàdúrà. Kò mọ èyí tí òun máa tọrọ.