Ọ̀pẹ Mẹ́fà Orí Ilẹ̀ Morónkẹ́

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Morónkẹ́ fi gbé yàrá kan ṣoṣo ní Òkìtìpupa! Ìkìrun ló ti wá, iṣẹ́ tíṣà ló gbé e débẹ̀. Ilé ìwẹ̀ kan, ìdílé mẹ́rin: bí kò bá tètè gbé korobá rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, á pẹ́ dé iléèwé nìyẹn.

Nígbà tí onílé wá sọ pé ọmọ òun ń bọ̀ wá gbé yàrá náà, kó bá òun kó jáde kí òjò tó dé, Morónkẹ́ ò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó lọ ra ilẹ̀.

Háàfù púlọ́ọ̀tì ni, lọ́nà Ìlútítun, kò sì sí èyí tí owó ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo èyí tó wò. Ohun tó sọ ọ́ di pọ́ọ́kú ò fara pamọ́: ọ̀pẹ mẹ́fà ló dúró gbọnin láàárín ẹ̀. Morónkẹ́ rí wọn, ó rẹ́rìn-ín. Kí ni ti ọ̀pẹ? Ṣebí iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan ni fún ẹ̀rọ ìgégi! Bàbá Ambrose, olórí ẹbí tó ta ilẹ̀, fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Lọ́jọ́ náà gan-an, Morónkẹ́ fi igi ya ilé sórí iyẹ̀pẹ̀: yàrá kan, pálọ̀ kan, ilé ìwẹ̀ kan. Ó dúró pẹ́ nínú ilé ìwẹ̀ yẹn.

Ní Sátidé, ó mú agégi kan dé. Ọkùnrin náà ò tíì tan ẹ̀rọ tí ìyá àgbà kan fi yọ, apẹ̀rẹ̀ lórí, àdá lọ́wọ́.

"Tíṣà, kí lo fẹ́ fi àwọn ọ̀pẹ mi ṣe?"

"Màmá, mo ti ra ibí o."

"Ilẹ̀ lo rà. Ta ló ta ọ̀pẹ fún ọ?"

Eré ni Morónkẹ́ sá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ambrose. Ojú ò tilẹ̀ ti bàbá.

"Òótọ́ ni Agatha sọ. Àbúrò mi ló gbin ọ̀pẹ yẹn, ó fún ìyàwó ẹ̀ kó tó kú. Epo ibẹ̀ ló ń tà jẹun."

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi!"

"O ò béèrè. Ọmọ kékeré ibí mọ̀ ọ́n."

"Ẹ dá owó mi padà, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá nàka sókè sí páànù tuntun tó ń dán lórí ilé ẹ̀. "Òun nìyẹn. Ṣe sùúrù. Agatha ti dàgbà, kò lè pẹ́ mọ́."

Morónkẹ́ padà lọ bá Màmá Agatha pé òun á ra àwọn ọ̀pẹ náà. Màmá mirí. "Màá ná owó yẹn tán lọ́dún yìí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mí-ìn ńkọ́?"

Ni Morónkẹ́ bá ń lọ kí i ní Sátidé-Sátidé pẹ̀lú búrẹ́dì, bóyá ọkàn màmá á rọ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó bá a níbi tó ti ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ikọ́ náà wúwo. Morónkẹ́ dúró, ó ń gbọ́ ọ.

Màmá gbójú sókè. "Tíṣà, ṣé o wá wò ó bóyá mo ti kú ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Morónkẹ́ gbé búrẹ́dì kalẹ̀, kò lè wo ojú ẹ̀. Kò lọ mọ́.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Morónkẹ́ kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Òde-Ìrèlè, níbi tó ti rí yàrá kan tí owó ẹ̀ ò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléèwé ẹ̀ ti wá jìnnà. Obìnrin tó ni ilé ń wò ó bó ṣe ń já bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ ti rílẹ̀ rà. Ọdún mélòó lẹ rò pé ẹ máa lò lọ́dọ̀ wa?"

Ọkàn Morónkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ orí Màmá Agatha kó tó mọ̀. Ó pa ìṣirò náà tì.

"Mi ò mọ̀ o, mà," ló sọ, ó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé.