Eegun Tí Godwin Gbé Wálé

Moríkẹ́ kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, èyí ló kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹja bá wọ́n, á ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Bí wọ́n bá yàn án jẹ, á rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ. Iná ààrò rẹ̀ kì í kú. Ní Òbè-Olówòkéré lápá Etikan, níbi tí ilé ti dúró lórí òpó, tí òkun wà níwájú, tí ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn, ojú ni wọ́n fi ń mọ edé tó bá ti ọwọ́ Moríkẹ́ jáde. Ó pọ́n, ó gbẹ, kò jóná.

Ṣùgbọ́n edé kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Ìjókòó rẹ̀ ni. Orí eegun ló ń jókòó sí.

Ọdún tí Godwin gbé e níyàwó ni àbùùbùtán kan kú sí etí òkun wọn. Omi gbé e wá, omi padà, ó fi í sílẹ̀ lórí iyanrìn. Gbogbo Òbè tú jáde tàdátàdá, tìkòkò tìkòkò. Ọ̀rá ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ó dára fún làkúrègbé, ó dára fún ikọ́, ó dára fún ara ọkọ̀. Ẹni tí kò ní garawa bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi di ọ̀rá.

Godwin kò gé ọ̀rá. Àáké ló mú lọ. Ó wọ inú ẹja náà, ọ̀rá dé e lórúnkún, ó ń ṣá a lẹ́yìn. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀ ló yí oríkèé eegun ẹ̀yìn kan jáde. Ó tóbi bí odó. Ó ní apá lọ́tùn-ún, ó ní apá lósì.

Jọọlá, tó ń yan ẹja nílé kejì, rí i bó ṣe ń yí i bọ̀.

"Godwin, àwọn ẹgbẹ́ ẹ gbé ọ̀rá, ìwọ gbé eegun. Ṣé ìyàwó lo fẹ́ àbí ajá?"

Moríkẹ́ gbọ́. Ojú tì í. Ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀rá á tán," ni Godwin wí. "Èyí ò ní tán. Ṣebí o ní àpótí ń dùn ẹ́ lẹ́yìn? Orí èyí ni wàá máa jókòó."

"Pẹ̀lú òórùn yìí?"

"Òórùn náà á tán."

Òórùn náà kò tètè tán. Godwin rì í mọ́ ẹrẹ̀ lábẹ́ ilé. Ní gbogbo òjò ọdún yẹn, ẹni tó bá kọjá á di imú, á bú Godwin, á bú àbùùbùtán, á bú ìyá tó bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n wú u. Ó ti funfun. Kò rùn mọ́. Godwin fi iyanrìn bó o, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Moríkẹ́ jókòó. Ó tún ìdí ṣe. Láti ọjọ́ náà kò jókòó sórí àpótí mọ́.

Èéfín igi ẹ̀gbà sọ eegun náà di pupa rúsúrúsú. Òróró ara edé mú kó máa dán.

Moríkẹ́ ló dá àṣà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rí bí àwọn ìyàwó ṣe ń pàdé ọkọ létí omi. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kò tíì kan pákó, wọ́n ti ń bi í pé kí ló pa. Bí àwọ̀n bá ṣófo, ìjà dé. Moríkẹ́ ní nílé tòun, ẹni tó bá ti òkun dé, orí eegun ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí. Wọn yóò bu púpùrú àti ọbẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í ní ohunkóhun títí yóò fi jẹun tán. Godwin fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ Godwin bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo Òbè ti mọ̀. Bí ọkùnrin kan bá ti òkun dé tó fajú ro, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Kọ́kọ́ lọ sórí eegun ná, kí o tó wọlé tọ̀ mí wá."

Ọpẹ́fólúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti dàgbà tó ẹni tó ń dá tukọ̀ nígbà tí òkun mú Godwin. Godwin jáde láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ yí padà. Kò wálé. Ọkọ̀ kò padà, àjẹ̀ kò padà, fìlà kò padà. Gbogbo ọkùnrin Òbè bọ́ sómi láti wá a. Baálẹ̀ Ògúnlànà fúnra rẹ̀ lọ. Sùlèímánì, ọ̀rẹ́ Godwin láti kékeré, tó ń fi ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì gbé èrò, ló ṣíwájú wọn.

Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n dúró lórí afárá pákó níwájú ilé Moríkẹ́. Kò sẹ́ni tó lè gbójú sókè. Sùlèímánì la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Jókòó," ni Moríkẹ́ wí. "Jẹun ná."

Sùlèímánì jókòó sórí eegun. Moríkẹ́ bu oúnjẹ fún un. Ó ń jẹ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó dìde, ẹlòmíràn jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan Baálẹ̀, tí wọ́n sì jẹun. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn jẹ tán, kò sí ohun tó kù tí wọ́n fẹ́ sọ. Moríkẹ́ ti mọ̀. Ó kó àwo, ó fọ̀ wọ́n, ó padà sídìí ààrò. Edé ti jóná. Ọjọ́ náà nìkan ni edé jóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù. Ẹni tó kú, wọ́n mọ ibi tó sùn sí. Ẹni tó nù, ibo ni èèyàn fẹ́ dúró sí kí i?

Òkun tó mú Godwin kò dáwọ́ dúró. Ó ń jẹ ilẹ̀. Ó jẹ ilé ìwé, ó jẹ ọjà, ó dé ibi ìsìnkú. Lẹ́yìn ìjì kan, àwọn ènìyàn jí, wọ́n rí eegun nínú iyanrìn tí ìgbì ń gbọ́n wọn jáde. Jọọlá dá ìyá rẹ̀ mọ̀, nítorí itan obìnrin náà kan ti ṣẹ́ rí, ó sì wọ́ nígbà tó jinná. Ó jókòó sínú omi, ó gbé itan náà mọ́ àyà.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Wọ́n ti rí ilẹ̀ kan lókè odò, ilẹ̀ gíga tí omi kì í dé, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ṣọ̀wọ́n ní Ìlàjẹ. Wọ́n fẹnu kò pé ìdílé tó bá kó eegun òkú rẹ̀ wá ni yóò gba ààyè níbẹ̀, fún àwọn tó ti kú àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí kò ní òkú tó máa kó wá kò ní ààyè.

Gbogbo ojú yí sí Moríkẹ́, wọ́n tún yí kúrò lára rẹ̀.

"Ìyàwó Godwin, má bínú," ni Baálẹ̀ wí. "Bí a bá gbẹ́ ihò fún ẹni tí kò sí, gbogbo àwọn tí òkun ti mú láti ayé baba wa, ẹbí wọn á dé. Ilẹ̀ yẹn ò lè gbà wọ́n."

"Mo gbọ́, Baba."

Ó dìde, ó lọ sílé. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ kí Godwin ní ibì kan. Ó fẹ́ kí òun náà lè dùbúlẹ̀ tì í lọ́jọ́ kan. Bí kò bá rí ibẹ̀ gbà, Godwin ti nù títí ayé nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn òkú lọ, odò kún fún ọkọ̀. Àwọn kan gbé àpótí pákó kékeré lé itan. Àwọn kan fi aṣọ funfun di tiwọn. Ọpẹ́fólúwa ń tukọ̀, ìyá rẹ̀ jókòó níwájú. Eegun àbùùbùtán wà láàrin wọn, ìró tí Moríkẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ló fi bò ó. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọkọ̀.

"Màmi, bí wọ́n bá lé wa ńkọ́?"

"A ó gbé e padà."

"Ó wúwo o."

"Bàbá ẹ gbé e láti etí òkun dé ilé. Òun nìkan."

Ọpẹ́fólúwa tẹra mọ́ àjẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, tí wọ́n gbé eegun náà gòkè, Jọọlá ló kọ́kọ́ rí wọn.

"Ìyá Ọpẹ́, kí lẹ gbé wá?"

"Bàbá Ọpẹ́ ni."

Jọọlá ṣí etí aṣọ náà. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wò ó. Ẹja ni wọ́n gbé wá síbi òkú. Ìyá Ọpẹ́, ìyá mi ni mo fẹ́ sin síbí o. N ò fẹ́ kó máa gbóòórùn ẹja."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ẹ yan ẹja títí ó fi kú," ni Moríkẹ́ wí. "Òórùn ẹja wo ni kò mọ̀?"

Ẹ̀rín náà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n Jọọlá ni wọ́n ń rín báyìí.

Baálẹ̀ fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Moríkẹ́, eegun òkú la sọ. A ò sọ eegun ẹja."

"Baba, ilẹ̀ ló gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀yin. Ilẹ̀ sì ti dá eegun wọn padà fún yín. Òkun ló gba tèmi. Ohun tí òkun fún mi nìyí. Ojú àáké Godwin ṣì wà lára rẹ̀, ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Àwọn ẹbí tó máa dé lọ́la ni Baálẹ̀ ń rò. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ gbé ṣọ́bìrì dúró.

Sùlèímánì ti ń gbé èrò láti àárọ̀. Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gòkè wá. Ó wo Baálẹ̀, ó wo Moríkẹ́, ó wo eegun. Ó lọ jókòó lé e.

"Sùlèímánì, kí lo rí sí i?" ni Baálẹ̀ bi í.

Sùlèímánì na ẹsẹ̀.

"Ìwọ là ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀wọ́, Baba," ni Moríkẹ́ wí. "Kò tíì jẹun."

Ó tú ẹrù tó gbé dání. Púpùrú wà níbẹ̀, ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Sùlèímánì fọwọ́, ó ṣe bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kò kánjú. Gbogbo èrò dúró.

"Ọkùnrin yìí ò lè yára jẹun ni?" ni Jọọlá wí.

Ó ti ń yé àwọn yòókù. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dúró kí Sùlèímánì jẹun tán. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró.

Sùlèímánì lá ọwọ́. "Ìyàwó wa, o ṣeun." Ó yíjú sí Baálẹ̀. "Baba, lọ́jọ́ tí a wá Godwin tí a ò rí i, ibo lẹ jókòó sí?"

Baálẹ̀ wo eegun náà.

"Ibí ni mo jókòó sí. Ibí lẹ̀yin náà jókòó sí. Ọkùnrin Òbè tí kò bá jókòó síbí rí, òun ni kó sọ fún mi pé ẹja ni."

"Àwọn yòókù tí òkun mú ńkọ́?" ni Baálẹ̀ bi Moríkẹ́. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ihò kan náà ni, Baba. Kí ẹbí wọn máa wá síbẹ̀ kí wọn. Ó gba gbogbo wọn."

"Àbúrò mi náà?"

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbàgbé pé òkun mú àbúrò Baálẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Baálẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀.

"Òun náà, Baba."

Sùlèímánì dìde. Baálẹ̀ lọ jókòó sórí eegun. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ gbẹ́lẹ̀," ló wí.

Jọọlá tú aṣọ funfun kan nínú ẹrù rẹ̀. "Èyí ṣẹ́ kù lára ti ìyá mi. Kò lè yí i ká o. Ọkọ ẹ ti tóbi jù."

"Ó tó borí rẹ̀," ni Moríkẹ́ wí, ó sì gbà á.

Nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sí i, ó dá wọn dúró. "Ẹ má bò ó tán. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ, kí ẹni tó bá ti òkun dé ríbi jókòó."

Bó ṣe wà nìyẹn títí dòní. Òbè kó lọ sókè odò díẹ̀díẹ̀. Moríkẹ́ kọ́ ilé sí ọ̀kánkán ibẹ̀, ó gbé ààrò kalẹ̀, ó padà sórí àpótí onígi. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Bí wọ́n bá ní kí àwọn wá ìjókòó mìíràn fún un, á ní, "Ọkọ mi ló ń lo tèmi." Bí àlejò bá ń kọjá lójú odò tó bá bi Baálẹ̀ pé kí lèyí, Baálẹ̀ á ní, "Àwọn ènìyàn wa ni." Moríkẹ́ á gbọ́ ọ nídìí ààrò. Á gbé orí sókè.

Ní òjò tó kọjá yìí, Ọpẹ́fólúwa ti òkun dé. Ó ti sùn sójú omi, ẹja kún inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí Jọọlá létí omi pẹ̀lú àwo tó fi ọmọrí dé. Jọọlá kì í dúró dè é. Sùlèímánì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló pa.

Ó wo ọ̀kánkán ilé wọn. Kò rí èéfín ààrò ìyá rẹ̀.

Jọọlá dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ síbi eegun.

"Jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Jẹun ná."

Ọpẹ́fólúwa jókòó. Ó jẹ púpùrú náà, ó jẹ ọbẹ̀ náà. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ó fọwọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò wọ́n, kí wọ́n lè sọ ọ́.