Ẹ̀kọ́ Tí Kò Rí Ojú Olùkọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí mo ń gbé l'Ẹ́gbẹ́dá, télọ̀ kan wà nínú ilé wa tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì kọ́ ìṣirò. Kò rí olùkọ́ rẹ̀ rí. Bí kò bá yé e, á dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, á bú olùkọ́ náà dáadáa, á tún gbọ́ ọ. Mo jókòó tì í títí mo fi gbà pé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ní ìwà tirẹ̀, kì í ṣe àjẹkù ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, ó sì yẹ kí yunifásítì sọ ọ́ di ẹ̀ka ìwádìí tó dá dúró. Mo tún ní lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà á máa gbé e gba orí wáyà tẹlifóònù. Èyí ni mo fẹ́ fi gboyè ọ̀mọ̀wé.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e síwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Ẹ́gbẹ́dá tí tẹlifóònù kì í dún, ibẹ̀ lo ti fẹ́ fi wáyà kọ́ èèyàn níwèé? Mádáàmù Kásẹ́ẹ̀tì! Lọ ra rédíò, jàre, kó o máa pè é ní purofẹ́sọ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ ń nu omijé. Wọ́n da iṣẹ́ mi nù, ojú sì tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ní kí n kó àwọn ìwé náà wá kí òun tún yẹ̀ wọ́n wò. Ó gbà wọ́n, ó ní, “Ta ló ni iṣẹ́ yìí gan-an?” Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í sọ fún àgbà pé tòun ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà.”

Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí yunifásítì fi dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àtòkèèrè sílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí. Wọ́n ní ọmọdé tó bá mọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àgbà ló dá oúnjẹ jẹ. Mo kórìíra rẹ̀, mi ò sì tíì dárí jì í.

Ó rí mi níta, ó ní, “Ìwọ náà wá forúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa, ṣá. A máa ràn ẹ́ lọ́wọ́.” Oyè ṣì ń wù mí, ọ̀nà mìíràn kò sí, mo forúkọ sílẹ̀.

Nínú ìdánwò àbáwọlé, wọ́n ní ká ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi yẹ kó dá dúró. Mo kọ gbogbo ohun tí mo sọ fún ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máàkì í. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sétí ìwé mi pé, “Má jí ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ kọ.” Òdo ló fún mi.