Bí Wọ́n Ṣe Fa Túndé Yọ Nínú Odò ní Agége

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ọ̀yọ́. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo sì máa ń darí eré kan fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ Sátidé. A ó jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á sọ ara rẹ̀ di ẹnì kan nínú ìtàn. Èmi á sọ ohun tí wọ́n rí, àwọn á sọ ohun tí wọ́n ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, a ó ju dáìsì, bíi ti lúdò, ká lè mọ ibi tó já sí. Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tó ń bójú tó ilé ìkàwé kékeré kan ní Agége, ló bẹ̀ mí pé kí n wá fi eré náà han àwọn ọmọ tó ń wá síbẹ̀.

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Bẹ́gà, ẹnu ibodè Èkó, mo sì wọ bọ́ọ̀sì míì lọ sí Agége. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ kàn ní 'ó wà'," obìnrin tó jókòó tì mí ló kọ́ mi. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn á kọ́kọ́ kí awakọ̀ kú iṣẹ́ kó tó ní kó dúró. Mo sọ méjèèjì pọ̀. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Àlejò ni yín, bàbá."

Lókè ilé alájà kan tó dojú kọ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni ilé ìkàwé náà wà. Òórùn ṣúgà gba ojú fèrèsé wọlé. L'Ọ̀yọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ là ń sọ̀rọ̀ nílé ìkàwé. Níbí, ẹni tí kò bá gbóhùn sókè, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ á bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Eré wọ̀ wọ́n lára kíá. Nínú ìtàn, odò ni wọ́n ń sọdá tí Túndé, ọ̀kan lára àwọn ọmọ náà, fi ré sómi. Ràfíátù, ọmọbìnrin kan tó sọ ara rẹ̀ di atukọ̀, mú dáìsì láti mọ̀ bóyá òun á rí i fà yọ. Àfi bí bàbá rẹ̀ ṣe wọlé. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀ láti Ìlúpéjú, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ràfíátù, gbé báàgì ẹ."

Ọmọ náà gbé dáìsì sílẹ̀. Mo rí omi lójú rẹ̀. Dáìsì náà ni bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe tẹ́tẹ́," mo ní. "Ìtàn là ń sọ."

"Mi ò bá ìtàn jà," ó dáhùn. "Nǹkan tó ba ayé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ló wà lórí tábìlì yẹn. Ọmọ mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo kó dáìsì sápò. Mo ní ká kọ nọ́ńbà sórí bébà wẹ́wẹ́, ká máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan dípò dáìsì.

"Orúkọ lẹ yí padà. Nǹkan kan náà ni."

Òótọ́ ló sọ. Túndé bá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé inú omi ni mo máa wà ni?"

Ràfíátù kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa fà á jáde. Tó bá bọ́gbọ́n mu lójú yín, kó yè. Tí ò bá bọ́gbọ́n mu, ká máa lọ."

Ọkùnrin náà wò mí, ó wo Ṣadé, ó wá fa àga, ó jókòó. "Sọ ọ́."

"Mo so okùn mọ́ ìdí mi, mo bẹ́ sómi."

"Ta ló di okùn mú lókè?"

Kò sẹ́ni tó dì í mú. Ràfíátù tún un sọ. "Mo pa dà sókè. Mo so ó mọ́ igi, àwọn tó kù dì í mú. Mo wá wọ omi."

"Tó bá rọ̀ mọ́ ẹ lọ́rùn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ni màá gbà mú un. Màá máa bá a sọ̀rọ̀, kẹ́rù má bà á."

Bàbá náà fọwọ́ nu ojú. "Ó ti jáde," ó ní. Ó dìde, ó yí sí Ṣadé. "Ilé yá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n má bá nǹkan yẹn lórí tábìlì."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọ Ọ̀yọ́. Ìyàwó mi bi mí bóyá eré náà dùn mọ́ wọn, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ohun tó wà lọ́kàn mi títí mo fi sùn nìyí: bí mo ṣe máa fọgbọ́n borí ọkùnrin yẹn ni èmi ń wá. Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ wá àyè fún un láàárín wa.